Orúkọ Ló Wọ́n, Oògùn Ò Wọ́n

Ẹni tó bá dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà kẹ́mísì kan ní Bódìjà tàbí ní Ìkẹjà nígbà tí oṣù bá ń parí lọ yóò gbọ́ ọ. Màmá kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún á na ìwé oògùn sí ọmọbìnrin tó ń tajà, á ní, "Dókítà, ẹ bá mi wo Lipitor yìí." Ọmọ náà kì í ṣe dókítà o, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ aṣọ funfun lẹ́yìn káńtà, dókítà ni lọ́dọ̀ wa. Ọmọ á dárúkọ iye owó. Màmá á dákẹ́, á ṣí pọ́ọ̀sì, á tún un pa dé, á wá ní, "Ẹ fún mi ní káàdì kan ná."

Káàdì kan ná. Inú gbólóhùn kékeré yìí ni owó ti ń jò. Oògùn ojoojúmọ́ ni, oògùn ọdún gbọọrọ ni, màmá sì ń rà á bí ẹni ń ra iyọ̀ ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan, ní iye tó ga jù, lábẹ́ orúkọ tó wọ́n jù. Bí káàdì náà bá tán tí owó kò sí, lílo oògùn dúró nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, oògùn inú páálí aláràbarà yẹn wà nínú páálí mìíràn lórí pẹpẹ kan náà, tí owó rẹ̀ sì dín sí i gan-an, kò kàn sí ẹni tó sọ fún màmá ni. Oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù ti di pọ́ọ́kú lágbàáyé láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Orúkọ, àìbéèrè àti ìdákúrekú ni ọ̀pọ̀ wa ṣì ń sanwó fún.

Statin ni wọ́n ń pe ìdílé oògùn náà. Atorvastatin, rosuvastatin, simvastatin àti pravastatin, ọmọ ìyá ni gbogbo wọn. Ẹ̀dọ̀ wa ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú kòlẹ́sítẹ́róòlù ara wa. Statin á dí iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́, ẹ̀dọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀rá burúkú tí àwọn dókítà ń pè ní LDL kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ láti fi dí àlàfo rẹ̀. Bí LDL bá dín kù, ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ kò ní tètè dí, rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn òjijì kò sì ní tètè wọlé. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àròsọ ẹni tó ń tajà. Ní 1994, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe fún ènìyàn 4,444 ní àwọn orílẹ̀-èdè Scandinavia fi hàn pé simvastatin dín ikú kù ní ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn tí ọkàn wọn ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀. Ní 2002, àwọn oníwàádìí Oxford ṣe tiwọn fún ènìyàn 20,536, hóró simvastatin mílígírámù 40 kan lójúmọ́, ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀ sì dín kù ní bí ìdá kan nínú mẹ́rin.

Àwọn ará Japan ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Akira Endo, ọmọ àgbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Sankyo ní Tokyo, ló yẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èébu wò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 kó tó rí ọ̀kan tó ń dí ìṣẹ̀dá kòlẹ́sítẹ́róòlù lọ́wọ́. Statin àkọ́kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún títà, lovastatin ti ilé-iṣẹ́ Merck, jáde ní 1987. Onímọ̀ kẹ́míkà kan, Bruce Roth, ti ṣe atorvastatin ní yàrá ìwádìí ní 1985, ṣùgbọ́n ọdún 1997 ni ó tó dé orí igbá pẹ̀lú orúkọ Lipitor. Lipitor yìí ló wá pa owó tí oògùn kankan kò pa rí títí di ìgbà náà: ní 2006 nìkan, ó wọlé fún ilé-iṣẹ́ Pfizer tó ń tà á ní nǹkan bíi bílíọ̀nù dọ́là mẹ́tàlá. Owó yẹn kò ṣẹ̀yìn ẹ̀tọ́ àdánìkanṣe tí òfin fún wọn. Kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣe é, iye tí wọ́n bá dá lé e náà ni aráyé ń san.

Ẹ̀tọ́ náà dópin ní Amẹ́ríkà ní November 30, 2011. Lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè ṣe é, àwọn ará India sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Rosuvastatin, tí orúkọ ọjà rẹ̀ ń jẹ́ Crestor, gba ọ̀nà kan náà ní 2016. Èyí ni pé statin méjèèjì tó lágbára jù ti di ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Kò sí statin kankan nílé ayé lónìí tí ènìyàn gbọ́dọ̀ san owó orúkọ fún.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní, "Oògùn India? Ẹfun lásán ni wọ́n rọ sínú rẹ̀." N kò ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ìfura yẹn ní gbòǹgbò. Ranbaxy, ilé-iṣẹ́ India tó kọ́kọ́ gba àṣẹ láti ta atorvastatin olówó pọ́ọ́kú ní Amẹ́ríkà, kó ẹrù ńlá pa dà kúrò lórí igbá ní ìparí 2012 nígbà tí wọ́n rí ègé gíláàsì wínníwínní nínú àwọn hóró kan. Ní 2013, ilé-iṣẹ́ náà jẹ́wọ́ ẹ̀bi nílé ẹjọ́ Amẹ́ríkà lórí àwọn oògùn mìíràn tí kò kúnjú òṣùwọ̀n, wọ́n sì gbà láti san 500 mílíọ̀nù dọ́là. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Wọn kò sá pa dà sọ́dọ̀ Lipitor. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n lọ ra atorvastatin lọ́wọ́ rẹ̀, títí di òní èyí tó pọ̀ jù nínú hóró tí wọ́n ń gbé mì níbẹ̀ jẹ́ ti olówó pọ́ọ́kú.

Ohun tí àjọ tó ń ṣọ́ oògùn ń bèèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ni pé kí oògùn gidi inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, kí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, kó sì wọ inú ẹ̀jẹ̀ bákan náà. Àwọ̀, ìrísí àti ohun tí wọ́n fi bò ó lè yàtọ̀. Nítorí náà, bí hóró funfun bá di olómi ọsàn lóṣù tó ń bọ̀, kì í ṣe ìdí láti sọ ọ́ nù. Kí ẹ ka orúkọ tí wọ́n fi lẹ́tà kékeré kọ sábẹ́ orúkọ ńlá. Ibẹ̀ ni òótọ́ wà.

Nàìjíríà ní ìṣòro tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì yẹ ká fi bò. Ní June 2023, ìjọba tú náírà sílẹ̀. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi 460 náírà ní ọjà ìjọba kọjá 1,500 kí ọdún tó tẹ̀ lé e tó parí. Oògùn tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa ni a ń kó wọlé, kódà èyí tí wọ́n ń tẹ̀ ní Ọ̀tà àti Ìkẹjà, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń ṣe é láti òkè òkun ni. Ní August 2023, ilé-iṣẹ́ oògùn GSK kéde pé àwọn fẹ́ kógbá wọlé. Ní November ọdún náà, ilé-iṣẹ́ oògùn Sanofi ní àwọn kò ní máa ta ọjà fúnra wọn mọ́, àwọn á fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí àṣẹ kan ní June 2024 láti mú owó orí kúrò lórí àwọn ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣe oògùn nílé. Ẹni tó ń ra oògùn fún bàbá rẹ̀ lóṣooṣù ni kí ẹ bi bóyá ó ti rí àyípadà.

Nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ láàárín orúkọ ńlá àti orúkọ oògùn gan-an túbọ̀ ń fẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nìyẹn nínú gbogbo ohun tí mo ní láti sọ, àtẹnu dókítà sì ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ dókítà ló ń kọ orúkọ ọjà sílẹ̀ nítorí pé òun ló rọ̀ wọ́n lọ́wọ́, tàbí nítorí pé àwọn aṣojú ilé-iṣẹ́ oògùn ni wọ́n ń wá kí wọn jù lọ́fíìsì. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí aláìsàn fọ̀wọ̀ bèèrè: "Ẹ jọ̀ọ́, dókítà, ṣé ẹ lè bá mi kọ orúkọ oògùn yẹn gan-an, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́, kí n lè ra èyí tí agbára mi gbé?" N kò tíì rí dókítà tó ní ọpọlọ tó bínú sí ìbéèrè yẹn. Àgbàlagbà ni ojú máa ń tì jù, wọ́n gbà pé bí àwọn bá sọ̀rọ̀ owó níwájú oníṣègùn, á dà bí ẹni pé ọmọ kò tọ́jú àwọn. Ọmọ tó bá mú bàbá lọ sílé ìwòsàn ni kó bèèrè, kó gba ìtìjú náà mọ́ra.

Bí ìwé bá ti dé kẹ́mísì pẹ̀lú orúkọ atorvastatin, kí ẹ bèèrè irú mẹ́ta: èyí tó wọ́n jù, èyí tó wà láàárín, èyí tó kéré jù, kí apòògùn fúnra rẹ̀ sọ èyí tí òun fọkàn tán. Apòògùn ni mo wí o, ẹni tó kàwé rẹ̀ ní yunifásítì, kì í ṣe ọmọ tó ń tajà nìkan. Ó yẹ kí kẹ́mísì tó dára lè pè é jáde. Kí ẹ ra odindi páálí, oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà bí ó bá ṣe é ṣe, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Ilé oògùn inú ọsibítù ìjọba ńlá náà yẹ ní yíyẹ̀wò. Nígbà mìíràn ó dín owó sí kẹ́mísì òde, nígbà mìíràn kò dín, ṣùgbọ́n ìbéèrè kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀.

Mílígírámù tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé bí hóró 10 bá jẹ́ iye kan, 40 yóò jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ títẹ̀, dídì àti gbígbé ló kó apá tó pọ̀ nínú owó náà, nítorí náà hóró 40 lè fi díẹ̀ lé ti 20. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń rí ọ̀nà: dókítà á kọ 40, aláìsàn á pín in sí méjì, á máa lo ìdajì lójúmọ́. Àwọn ọsibítù àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ní Amẹ́ríkà ṣe èyí ní gbangba pẹ̀lú simvastatin fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń dá dáwọ́ lé nílé. Dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀, apòògùn gbọ́dọ̀ sọ bóyá hóró náà ṣe é gé, nítorí kápúsù kò ṣe é pín, oògùn tó ń tú díẹ̀díẹ̀ nínú ikùn kò sì gbọdọ̀ já. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tàbí tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa kó má gbé e dání rárá.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn dókítà mọ̀ tí aláìsàn kì í mọ̀. Bí wọ́n bá sọ ìwọ̀n statin di ìlọ́po méjì, LDL kì í dín kù ní ìlọ́po méjì. Bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún péré ló ń fi kún un. Atorvastatin 10 lè fa LDL wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá méjìdínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ 80, tó jẹ́ ìlọ́po mẹ́jọ rẹ̀, kò ju bí àádọ́ta sí márùndínlọ́gọ́ta lọ. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti kọ lù rí nílò agbára yẹn, kó má yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kòlẹ́sítẹ́róòlù rẹ̀ kàn ga díẹ̀ lè bi dókítà bóyá ìwọ̀n kékeré yóò tó. Hóró alápapọ̀ tún wà, tó kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti statin pọ̀ sójú kan. Ó rọrùn fún ẹni tó ń gbàgbé, àmọ́ kí ẹ fi owó rẹ̀ wé ti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bí amlodipine àti ti atorvastatin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ tó sanwó. Àjọ ìlera àgbáyé fi irú hóró alápapọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé àwọn oògùn kò-ṣe-é-má-nìí ní 2023, simvastatin sì ti wà níbẹ̀ láti 2007.

Ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ dín owó kù ní Èkó, ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ ń lọ, mi ò sì ní purọ́ pé kò sí èrè níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kẹ́mísì fúnra wọn ti ń rajà. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni NAFDAC, àjọ tó ń ṣọ́ oògùn ní Nàìjíríà, tì pa ní February 2025, pẹ̀lú àwọn ọjà oògùn Oníṣà àti Àbá, tí wọ́n ń kó ẹrù ayédèrú àti èyí tó ti bàjẹ́ kúrò. Láti ìgbà Dora Akunyili, tó di ọ̀gá àjọ náà ní 2001, la ti ń gbọ́ irú ìròyìn yìí. Ohun tó mú kí statin burú fún irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni pé ènìyàn kì í mọ̀ ọ́n lára. Bí oògùn ibà bá jẹ́ ayédèrú, ara á gbóná, a ó mọ̀. Statin kì í mú orí fífọ́ lọ, kì í fúnni ní oorun, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń gbé ẹfun mì fún ọdún méjì fi lè máa dúpẹ́ pé òun ń tọ́jú ara òun. Oògùn tí ooru ti bà jẹ́ lábẹ́ páànù náà kò ní í kígbe. Nọ́ńbà NAFDAC gbọ́dọ̀ wà lára páálí, ẹ sì lè wá orúkọ oògùn náà nínú ìwé àkójọ tí àjọ náà gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pè ní Greenbook. Bí owó rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ ju ohun tí làákàyè gbà lọ, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba adójútòfò ìlera ní ìwọ̀nba. Òfin 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ kò tíì wọ̀ ọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà lábẹ́ ètò náà, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oògùn ló ń san lápò ara rẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ ní tiwọn: Ìlera Èkó wà ní Èkó, Ọ̀yọ́ àti Ògùn náà ní àjọ tiwọn. Ẹni tó bá ti ń san owó ètò kan, kó bèèrè bóyá statin wà nínú rẹ̀ kó tó ná owó ara rẹ̀. Mo mọ àwọn tó ń san adójútòfò tí wọ́n tún ń ra oògùn lápò, nítorí pé wọn kò fẹ́ jókòó lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀tọ́ wọn ni, àmọ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìjókòó yẹn ni wọ́n ń fi owó rà kúrò.

Àwọn ọmọ tó wà lókè òkun ńkọ́? Ó ti di àṣà wa pé bí ẹnì kan bá ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, oògùn ìyá ẹnì kan wà nínú báàgì rẹ̀. Ọmọ gbà pé ojúlówó oògùn òyìnbó ni òun fi ránṣẹ́. Ẹ ṣí páálí náà wò. Bó bá ti Lọ́ńdọ̀nù wá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ atorvastatin lásán, tí ilé-iṣẹ́ kan ní India tàbí ní Yúróòpù ṣe, nítorí ohun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń rà fún àwọn ará tirẹ̀ nìyẹn. Ní England, iye tí aláìsàn ń san lórí oògùn kọ̀ọ̀kan tí dókítà kọ di £9.90 ní 2024, ẹni tó bá ti pé ọgọ́ta ọdún kì í san kọ́bọ̀. Ní Scotland, Wales àti Northern Ireland, kò sẹ́ni tó ń san. Oògùn tí wọ́n kọ fún ọmọ ní orúkọ ọmọ, òfin wọn kò gbà kó fi fún ìyá, dókítà ìyá kò sì mọ̀ pé ó ń lò ó. Mo ti rí ìyá tó ń lo méjì pọ̀, èyí tí ọmọ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú orúkọ Crestor àti èyí tí dókítà kọ pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Statin méjì ni, iṣẹ́ kan náà, ewu ìlọ́po méjì fún iṣan àti ẹ̀dọ̀. Owó tí ọmọ fi ra èyí tó wọ́n níbẹ̀, bó bá fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì ìyá, ìyá á fi ra oṣù púpọ̀ níbí.

Amẹ́ríkà tiẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀ tó yẹ kí àwọn ọmọ wa níbẹ̀ mọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé àdéhùn àwọn adójútòfò kan kò jẹ́ kí apòògùn sọ fún oníbàárà pé bó bá san owó lásán láìlo adójútòfò, oògùn á dín owó. Apòògùn mọ̀, ó dákẹ́, oníbàárà ń san jù. Ìgbà tó di October 2018 ni òfin ìjọba àpapọ̀ fòpin sí ìyẹn. Láti ìgbà náà, ìbéèrè tó yẹ kí ọmọ Yorùbá tó wà ní Dallas tàbí Maryland máa bi apòògùn ni, "Èló ni bí n kò bá lo adójútòfò?" Ó máa ń yani lẹ́nu. Walmart ti bẹ̀rẹ̀ ètò oògùn dọ́là mẹ́rin láti 2006. Ilé oògùn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí oníṣòwò Mark Cuban dá sílẹ̀ ní January 2022 ń fi ìdá márùndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún àti dọ́là márùn-ún lé iye tí òun fúnra rẹ̀ rà á, yàtọ̀ sí owó ìfiránṣẹ́, ó sì kọ gbogbo ìṣirò náà síta. Atorvastatin oṣù kan níbẹ̀ kì í tó dọ́là mẹ́wàá kí wọ́n tó gbé e wá.

Ibi tí owó ti ń lọ jù lọ́dọ̀ wa, kì í ṣe sórí statin rárá. Sórí ìgò ni. Ẹ wo àpò bàbá tó sọ pé atorvastatin wọ́n fún òun: ẹ ó rí kápúsù ata ilẹ̀ pupa, epo ẹja, kápúsù aáyù, àti "supplement" kan tí ọmọ ìjọ rẹ̀ tà fún un lẹ́yìn ìsìn pẹ̀lú ẹ̀rí pé ó ń fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ìgò kan nínú wọn lè gba owó statin oṣù mélòó kan. Ní 2022, àwọn oníwàádìí Cleveland Clinic fi rosuvastatin 5, ìwọ̀n tó kéré jù lọ, wé epo ẹja, aáyù, ata ilẹ̀ pupa, èèpo igi olóòórùn (cinnamon), èròjà ara ewéko àti ìrẹsì pupa oníwùkàrà fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Rosuvastatin fa LDL wálẹ̀ ní ìdá tó sún mọ́ méjìdínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àwọn yòókù, kò sí èyí tó ṣe ju hóró asán tí kò ní oògùn nínú lọ ní ọ̀nà tó ṣe é fọwọ́ sọ̀yà. Nípa ìrẹsì pupa yẹn, ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, bó bá wà níbẹ̀, jẹ́ lovastatin gan-an, kò kàn sí ẹni tó mọ iye tó wà nínú ìgò kọ̀ọ̀kan ni. N kò bá aáyù jà. Inú ọbẹ̀ ni kó wà.

Nípa àgbo, ohun tí mo máa ń bẹ àwọn bàbá wa ni pé bí wọn kò bá lè fi sílẹ̀, kí wọ́n sọ fún dókítà ohun tí wọ́n ń mu. Àwọn nǹkan kan wà tó ń bá statin dìtẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀, a sì mọ̀ pé omi èso grapefruit wà lára wọn fún simvastatin àti atorvastatin.

Àwọn kan ti rí ọ̀nà mìíràn láti fi dín owó kù: wọ́n ń fo ọjọ́ kan, wọ́n ń lo ọjọ́ kejì, tàbí wọ́n ń dáwọ́ dúró nígbà tí àyẹ̀wò bá ti dára. Àyẹ̀wò dára nítorí pé oògùn wà lára ni. Bí ó bá kúrò, ẹ̀dọ̀ á pa dà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àwọn mìíràn dáwọ́ dúró nítorí ẹsẹ̀ ríro. Ìrora iṣan wà lóòótọ́ fún àwọn kan, kí dókítà sì gbọ́. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan láti Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n gbé jáde ní 2020, mú ọgọ́ta ènìyàn tó ti pa statin tì nítorí ìrora. Láàárín ọdún kan, wọ́n lo statin fún oṣù mẹ́rin, hóró asán fún oṣù mẹ́rin, wọn kò sì lo nǹkan kan fún oṣù mẹ́rin, oṣù kọ̀ọ̀kan ń dà pọ̀ mọ́ra. Nǹkan bí ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìrora tí wọ́n ní lábẹ́ statin ni wọ́n ní lábẹ́ hóró asán náà. Ẹni tó bá mọ ohun tí ìtọ́jú rọpárọsẹ̀ ń ná ìdílé, kẹ̀kẹ́, olùtọ́jú, ọmọ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò ní pe fífo oògùn ní ìfowópamọ́.

Oògùn olówó gọbọi ṣì wà o, orí àwọn tí statin kò tó fún ló sì wà. Ìtàn rẹ̀ kàn wá. Ní 2005, àwọn oníwàádìí Helen Hobbs àti Jonathan Cohen ní Dallas rí i pé àwọn aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà gbé àyípadà kan nínú àbùdá PCSK9 wáyé, tó jẹ́ kí LDL wọn lọ sílẹ̀ láti ìbí. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi hàn pé àrùn ọkàn fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí lára àwọn ènìyàn náà. Láti ara ìmọ̀ yẹn ni wọ́n ti ṣe abẹ́rẹ́ evolocumab àti alirocumab ní 2015, tí wọ́n dá iye tó lé ní 14,000 dọ́là lọ́dún lé, kó tó já wálẹ̀ sí nǹkan bí 5,850 ní 2018 àti 2019. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ẹrú ló tọ́ka ọ̀nà, àwọn ọmọ ọmọ wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rà á. Nílé níbí, ìwádìí tí Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana jọ bẹ̀rẹ̀ ní 1992 lórí àwọn àgbàlagbà Ìdíkàn ní Ìbàdàn àti àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis rí i pé kòlẹ́sítẹ́róòlù àwọn ará Ìbàdàn kéré ju ti Indianapolis lọ. Àwọn àgbàlagbà tó ń rìn, tí wọ́n ń jẹ iṣu àti ewébẹ̀ ni wọ́n. Àwọn ọmọ wọn tó ń jókòó nínú ọkọ̀ láti Bẹrẹ títí dé Mọ́níyà ló ń gba ìwé statin báyìí.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà ń ná owó, lábù kò sì ní sọ fún yín pé ẹ ti ṣe jù. Ẹni tí oògùn rẹ̀ ti dúró déédéé, tí LDL rẹ̀ sì wà níbi tí dókítà fẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún sábà máa ń tó o, kò sì pọn dandan fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti gbààwẹ̀ kó tó lọ. Ìgbà tí àyẹ̀wò ṣe dandan ni ìgbà tí ẹ bá pààrọ̀ orúkọ. Bí ẹ bá kúrò lórí Lipitor bọ́ sórí atorvastatin olówó pọ́ọ́kú, kí ẹ tọ́jú èsì tó wà nílẹ̀, kí ẹ lo tuntun náà lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá, kí ẹ wá lọ ṣe òmíràn ní lábù kan náà. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá sún mọ́ra, ọ̀rọ̀ ti tán, ẹ máa rà á lọ. Bí LDL bá fò sókè, kí ẹ kọ́kọ́ ka iye hóró tó ṣẹ́kù nínú páálí bóyá ẹ fo ọjọ́ kan. Bí kò bá sí èyí tí ẹ fò, kí ẹ gbé páálí náà pa dà fún apòògùn tó tà á, nọ́ńbà NAFDAC àti nọ́ńbà ìpele tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kó wà lára rẹ̀, kó fi sùn àjọ náà, kó sì fún yín ní ti ilé-iṣẹ́ mìíràn.